Orúkọ Ìyá Olókùúta

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orí ṣe ń gbóná láìsí ibà, kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìtàn. Ó ti pẹ́ tí Ṣíjúadé ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní Òṣogbo, ó sì ti rò pé kò sóhun tójú òun ò tíì rí nínú rẹ̀, àfi lọ́jọ́bọ̀ tí Olúwatómisìn gbé àwòrán Ìyá Olókùúta wá síwájú rẹ̀.

"Kí ló wà lójú rẹ̀ yìí?"

"Láàṣì ni, mà."

Láàṣì, irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá. Obìnrin tó gbé òkúta lórí nígbà tí bàbá bàbá Olúwatómisìn ṣì ń rá. Wíìgì rẹ̀ balẹ̀ dé ìdí, ètè rẹ̀ pupa yòò, èékánná rẹ̀ sì gùn ju òkúta tó gbé lọ. Ṣíjúadé wò ó títí, ó ní kí ọmọ náà gbé e kúrò lójú òun kí òun má bàa sọ ohun tí ẹnu ò ní lè kó mọ́.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi fa wàhálà náà. Òun ló ronú pé ìwé tí àwọn ọmọ yìí kì í kà, bóyá wọ́n á wò ó. Lóòótọ́, nígbà tó bá ń kọ nóòtì sójú pátákó, oorun ni wọ́n ń sùn, ṣùgbọ́n tó bá fún wọn ní pẹ́ńsù àti káádíbọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó máa ń rántí lọ jẹun. Ló bá ní kí wọ́n ya ìwé ìtàn alàwòrán nípa àwọn obìnrin tí ìwé kankan ò dárúkọ rí: aláró kan tó kọ́ àwọn ọmọ òrukàn níṣẹ́, ọlọ́ṣun kan tó tọ́ àwọn ọmọ ìmàle àti ọmọ onígbàgbọ́ pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan, obìnrin tó ń gé tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí rélùwéè ṣì ń dún ní Òṣogbo. Gbogbo wọn ti parí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Mùtàlíbù tó ni ilé ìtẹ̀wé máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ojú ewé kan péré ló kù, ti Ìyá Olókùúta, ìyẹn ìyá tó bí bàbá Ṣíjúadé fúnra rẹ̀.

Ìtàn obìnrin náà kò le. Nígbà kan, àbàtà wà lójú ọ̀nà tó wọ Ìwàrà, tí mọ́tò kì í lè kọjá tí òjò bá ti dé. Orí làwọn obìnrin fi ń ru irè oko lọ sí Iléṣà. Àwọn ọkùnrin ní àwọn máa tún un ṣe tí iṣu bá ta. Iṣu ta, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ní kí ọdún kọjá ná. Ló bá kó àwọn obìnrin ilé jọ. Láràárọ̀, kí wọ́n tó lọ sóko, oníkálùkù á gbé òkúta kan láti etí odò, á lọ jù ú sínú àbàtà. Wọ́n ń jù ú títí mọ́tò fi ń kọjá. Nígbà tó wá dára tán, àwọn ọkùnrin dé, wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn sí i. Pátákó náà ṣì wà níbẹ̀ dòní, tí Ṣíjúadé bá sì ti ń kọjá lára rẹ̀, ó máa ń pòṣé.

Ọ̀gbẹ́ni Àkànó, ọ̀gá àgbà iléèwé, ló wá fi iyọ̀ sójú egbò. Ó yẹ gbogbo ojú ewé wò, ó dé orí èyí, ó dúró.

"Ìyáàfin, kí lorúkọ obìnrin yìí?"

"Ìyá Olókùúta ni, sà."

"Ìnagijẹ nìyẹn. Gbogbo àwọn tó kù lórúkọ. Ìtàn tí kò bá lórúkọ, àlọ́ ni." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ kó tó di ọjọ́ Ajé, ó dáa. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìyá alága ẹgbẹ́ òbí síbẹ̀."

Ìyá alága ẹgbẹ́ òbí. Ìyá tí kò gbé òkúta, tí kò gbé iyanrìn, tí kò ṣe ju pé ó bí alága. Inú bí Ṣíjúadé gidigidi. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún jù ni pé ọkùnrin náà rí ibi tó kù sí. Òun tó ń fojoojúmọ́ pariwo pé wọ́n pa orúkọ àwọn obìnrin rẹ́, òun náà ò mọ orúkọ ìyá bàbá òun. Ìyá náà ti kú kí wọ́n tó bí i. Yèyé ni bàbá rẹ̀ ń pè é, bàbá náà sì kú nígbà tí Ṣíjúadé ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bi ìyá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé ní Dàda Estate. Ọmọ Òṣogbo ni ìyá náà, ìmàle ni, kò sì tíì pe Ṣíjúadé ní Ṣíjúadé rí. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ fún un ló fi ń pè é.

"Rùkáyà, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó wo ló ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ?"

"Ìyá yẹn ti kú, Màmi. Ó ti pẹ́ tó ti kú."

"Ikú ò sọ ọ́ di ẹgbẹ́ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ kan ṣoṣo ni."

Ìyá náà wò ó, ó mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń pa lẹ́rìn-ín. "Ìyá Òkìkí ṣì wà láyé ní Ìwàrà. Òun ni ìyálé wa nílé yẹn. Tí ìyàwó àgbà bá wà, ìyàwó kékeré kì í ṣáájú rẹ̀ la ẹnu. Lọ bá a."

Ẹni tí Ṣíjúadé ò sì fẹ́ lọ bá nìyẹn. Ìyá Òkìkí ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sílé yẹn lẹ́yìn tó wọlé ọkọ, orúkọ ló fi ń pè wọ́n: Fẹ́yìsetán, Bándélé, Ọmọ́yẹlé. Ṣíjúadé nìkan ni kò pè lórúkọ rí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, "Ọmọ Òṣogbo" ni. Nígbà tó gbaṣẹ́ olùkọ́, ó di "Tíṣà". Ṣíjúadé mọ ìdí rẹ̀, tàbí ó rò pé òun mọ̀ ọ́n: obìnrin náà ò gba ìyá òun tó jẹ́ ìmàle, kò sì gba òun náà ní ọmọ ilé. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó mú Ọmọ́tárá dání, nítorí nínú àwòrán yíyà, ọwọ́ ọmọbìnrin náà yá jù ní kíláàsì, ìyá rẹ̀ sì yọ̀ǹda. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ lọ. Láti Òṣogbo dé Iléṣà, kò sinmi ìbéèrè.

"Antí, ìyá yín ń pè yín ní Rùkáyà, àwa ń pè yín ní Antí Ṣíjúadé. Èwo gan-an lẹ ń jẹ́?"

"Méjèèjì. Bàbá mi ló sọ mí ní Ṣíjúadé. Ìyá mi fẹ́ orúkọ ẹ̀sìn rẹ̀."

"Ṣé wọn ò fẹ́ràn ti bàbá yín ni?"

"Ọmọ́tárá, wo ojú fèrèsé."

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wọn dé Ìwàrà láti Iléṣà. Ìyá Òkìkí jókòó síwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ṣíjúadé kúnlẹ̀.

"Tíṣà, o káàbọ̀," ni màmá náà wí. Ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà. "Bándélé, gbé àga fún Tíṣà."

Ó gún Ṣíjúadé lára lọ́nà méjì. Bándélé ti fẹ́yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń fi orúkọ pè é fàlàlà, òun sì ṣì ni Tíṣà. Ó rọra gbé e mì, ó sọ ohun tó bá wá: ìwé náà, ọ̀gá àgbà, ọjọ́ Ajé, ìyá alága.

"Kò burú," ni Ìyá Òkìkí wí. "Èmi náà gbé òkúta. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà yẹn. Mo ń sunkún, mo ń gbé e."

"Ẹ ṣeun, mà. Kí wá ni orúkọ Yèyé?"

"Ìyẹn ò sí lẹ́nu mi."

"Màmá, tẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, wọ́n máa yọ Yèyé nínú ìwé."

"Kí wọ́n yọ ọ́. Mo wọ ulé yìí, mo kúnlẹ̀ kí i, mi ò la ẹnu pè é lórúkọ. Ṣé ìgbà tí mo darúgbó tán ni mo fẹ́ wá di aláìlẹ́kọ̀ọ́?"

Ṣíjúadé bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́. Màmá náà ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Ọmọ́tárá ló yọ àwòrán oníláàṣì yẹn nínú báàgì, láìgba àṣẹ, tó nà án sí màmá náà pé ṣé wọ́n jọra.

Ìyá Òkìkí wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà nù. "Ta lọmọge yìí? Ibo ló fẹ́ gbé òkúta sí nínú urun yìí?"

"Ẹ sọ bí wọ́n ṣe rí, mà, mo máa tún un yà," ni Ọmọ́tárá wí. Ó ti ṣí ojú ewé tuntun.

Kò sẹ́ni tó fòfin de ìyàwó pé kó má sọ bí imú ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe rí. Ìyá Òkìkí fa àga súnmọ́ ọn. Umú rẹ̀ fẹ̀ jù báyìí lọ. Iwájú orí rẹ̀ yọ síta. Ọrùn rẹ̀ kì, ẹrù ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ́tárá ń yà, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń yà.

"Ojú ńkọ́, mà?"

"Ojú rẹ̀ máa ń le, torí inú máa ń bí i. Àwọn ọkùnrin ulé yìí ò jẹ́ kó sinmi. Inú bí i títí tó fi kó òkúta."

Sùúrù Ṣíjúadé tán. Ó dìde, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó tún sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó fi méjèèjì lé ìbàdí. "Màmá, orúkọ ni mo bá wá, kì í ṣe imú. Ọ̀túnla ni wọ́n máa yọ Yèyé. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ wá ń fi wá ṣeré."

Ìyá Òkìkí fọwọ́ kan Ọmọ́tárá léjìká. "Má wo ìwé mọ́. Wo Tíṣà. Bó ṣe dúró yẹn, bó ṣe fa ojú ro yẹn. Yà á kó tó jókòó."

Ọmọ́tárá yà á. Nígbà tó parí, ó gbé e sókè. Màmá náà wò ó, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó mú gèlè tó wà léjìká, ó wé e. Ó di àga mú, ó rọra sọ orúnkún kan kalẹ̀, lẹ́yìn náà ìkejì, níwájú bébà.

"Ẹ kú ulé o, Yèyé."

Ṣíjúadé sáré di màmá náà mú lápá. Ọmọ́tárá ló ràn án lọ́wọ́ láti gbé màmá náà dìde, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò lè dákẹ́: "Mà, kí ni kí n kọ sábẹ́ ẹ̀?"

"Ẹni tí o wò yà á yẹn, ṣé kò lórúkọ ni?"

Ọmọ́tárá yíjú sí olùkọ́ rẹ̀. Ṣíjúadé jókòó.

"Ọdún tí Yèyé kú ni wọ́n bí ẹ," ni Ìyá Òkìkí wí. "Bàbá rẹ ní orúkọ náà ò gbọdọ̀ parun, ó gbé e fún ọ. Ó gbàgbé pé ìyàwó wà nílé. Èmi àti ìyá rẹ, kí la fẹ́ ṣe? Ká máa pariwo orúkọ ìyá ọkọ wa káàkiri àgbàlá, pé wá fọ abọ́, wá gbálẹ̀? Ìyá rẹ lóun á fi Rùkáyà pè ọ́. Èmi, ohun tó bá bọ́ sí mi lẹ́nu ni mo fi ń pè ọ́."

Ṣíjúadé fẹ́ bínú, kò rí ẹni tó máa bínú sí. Ó rántí gbogbo ọdún iléyá àti kérésì tó fi jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé yìí, tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n pe Fẹ́yìsetán. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún un láti ìgbà tó ti ń rá, òun sì ń pè é ní ìkórìíra. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó bọ́.

"Màmá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń bínú sí yín."

"Mo mọ̀. Ẹni tí o jẹ́ orúkọ rẹ̀ náà bínú sí mi títí ó fi kú." Ìyá Òkìkí ti igbá ẹ̀gúsí sí i. "Ràn mí lọ́wọ́."

Ṣíjúadé fa igbá náà mọ́ra. Ọmọ́tárá mú máákà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ náà sábẹ́ àwòrán ní lẹ́tà gàdàgbà, Ìyá Òkìkí sì yíjú sí ojú ọ̀nà títí ọmọ náà fi kọ ọ́ tán.