Bàálù Inú Yàrá Ọmọ́yẹlé

"Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀dì dà?"

Ọwọ́ Thomas wà lórí páìpù omi tó fi ṣe ìdarí bàálù rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn Ayọ̀kẹ́mi lẹ́yìn. Àbúrò Ọmọ́yẹlé, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, ni. Òun àti Boaz ọkọ rẹ̀ ló gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá láti Iyara, nítorí pé wọ́n ti ṣe ìsìn ìrántí ọdún kan fún Ọmọ́yẹlé ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Nínú ẹbí tiwọn, bí obìnrin bá kú, tí ọdún rẹ̀ sì pé, ohun tó gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sílé.

"Okun o, Ayọ̀kẹ́mi," ni Thomas kí i.

"Okun, ẹ̀gbọ́n. Mo ní bẹ́ẹ̀dì dà?"

Thomas wo pákó ìrókò tó yí i ká. Òun ló fi ṣe ẹ̀gbẹ́ bàálù náà lọ́tùn-ún lósì, òun náà ló fi ṣe pẹpẹ tó to àwọn bọ́tìnnì sí. Ọmọrí ìgò ni àwọn bọ́tìnnì ọ̀hún. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló ti rí ìjókòó méjèèjì, láti ara mọ́tò Gọ́ọ̀fù kan tó ti kú. Delight ọmọ rẹ̀ ló fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kó tó lọ sí Kánádà, pẹ̀lú géèmù bàálù wíwà tó ń hàn lórí tẹlifíṣọ̀n iwájú ìjókòó. Pákó pẹlẹbẹ tí kò wọ́n ló kọ́kọ́ lò, ṣùgbọ́n òjò jò wọlé, gbogbo rẹ̀ sì wú.

"Òun nìyí," ló fi jẹ́jẹ́ dáhùn.

Ayọ̀kẹ́mi wọlé. Ó rí òdòdó tí bàbá wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ sí ibi ìgbórílé bẹ́ẹ̀dì náà. Ayùn ti gba àárín rẹ̀ kọjá.

"Ẹ rẹ́ ẹ? Bẹ́ẹ̀dì tí bàbá wa kàn fún un nígbà tó ń relé ọkọ? Ẹ wá fi ṣe kí ni?"

"Bàálù ni."

Boaz yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ha, ẹ̀gbọ́n! Ṣé ó ń gba ẹrù? Ẹ jẹ́ ká kúkú fi kó wọn dé Iyara, epo ti wọ́n jù."

"Bàbá Virtue, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná," ni Ayọ̀kẹ́mi wí fún ọkọ rẹ̀.

"Aṣọ àti ìkòkò ni mo rò pé ẹ máa kó," ni Thomas wí. "Nílé tiwa ní Kàbà níbí, ọkọ ló ni bẹ́ẹ̀dì."

"Ẹ ò béèrè."

"Mi ò béèrè, lóòótọ́. Ayọ̀kẹ́mi, mi ò lè sùn lórí rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo ń sùn. Tí mo bá lajú láàárọ̀, tí mo rí bó ṣe fẹ̀ tó, ọkàn mi á dàrú. Ni mo bá ní kí n sọ ọ́ di nǹkan mìíràn."

Láti ìgbà tí Thomas ti fẹ̀yìn tì ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Á kọ orin ìsìn òwúrọ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa gbe ohùn kejì. Lẹ́yìn náà á wọ yàrá yìí, á gbàdúrà ìrìnàjò, á sì gbéra láti Àkúrẹ́ lọ sí Abuja. Kò wọ bàálù gidi rí láyé rẹ̀.

"Ìjókòó méjì ni mo rí. Ta ló ń jókòó síbí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Bí tòótọ́ ṣe rí nìyẹn, awakọ̀ méjì."

Ayọ̀kẹ́mi jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ le. "Ẹ wà á kí n rí i."

Igbó ń kọjá lórí tẹlifíṣọ̀n, àti òkè, àti igbó.

"Kàbà dà?"

"Ó yẹ kí a ti dé orí rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ṣe géèmù náà kò fi wá sí i. Mo máa ń fò wálẹ̀ gan-an, bóyá màá rí òrùlé ìjọ wa, bóyá màá rí ibi tí a sin ín sí. Igbó ni."

Ayọ̀kẹ́mi fi etí gèlè nu ojú. "Iyara wà níbẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Àtìgbà ìsìnkú, ẹ ò tẹsẹ̀ sílé wa."

"Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí kò sí mọ́, èmi kì í ṣe àna yín mọ́."

"Ta ló sọ fún yín?"

Thomas pa ẹ̀rọ náà, ó mú sípánà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Tiyín ni. Èmi ni mo rẹ́ ẹ, èmi ni màá tún un kàn."

"Ẹ ti gé e kúrú. Kò lè di bẹ́ẹ̀dì mọ́."

"Kò lè gba ẹni méjì mọ́, ṣùgbọ́n á gba ẹnì kan. Kí Virtue ọmọ yín máa sùn lórí rẹ̀."

Ayọ̀kẹ́mi di orí kejì pákó náà mú kó má baà já lulẹ̀. Boaz ń gbé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì ṣe àwàdà mọ́. Ìjókòó Gọ́ọ̀fù méjèèjì nìkan ló kù nínú yàrá náà, tí wọ́n kọjú sí tẹlifíṣọ̀n tó ti ṣókùnkùn.

Níta, Boaz ṣí ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀. "Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n."

Ayọ̀kẹ́mi tún padà sínú ilé. Nígbà tó jáde, aṣọ ìbora Thomas wà lápá rẹ̀.

"Iṣẹ́ yẹn ò lè tán lónìí, Iyara lẹ máa sùn," ló wí.

Thomas gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ ti ilẹ̀kùn ilé.