Ejò Tí Wọ́n Ní Ó Ń Mu Wàrà

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ejò ò sì lẹ́nu tí yóò fi ro tirẹ̀.

Malinda ló kọ́kọ́ dá a lẹ́bi. Láti ọjọ́ Ajé ni wàrà Bẹ́sì, màlúù wọn, ti ń dín kù, garawa tó ń kún dẹ́nu ò ju ìlàjì lọ mọ́. Ìyá wọn sì ti kọ́ wọn láti kékeré pé ejò alámì pupa tó ń gbé abẹ́ òkúta ilé màlúù a máa fà mọ́ ọmú màlúù mu. Malinda ní kí Menno àbúrò òun pa á kí àkókò wàrà fífún ìrọ̀lẹ́ tó tó.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ṣọ́ ihò tó ń gbà jáde,” ni Menno wí. “N ò lè torí ejò wó ilé tí bàbá bàbá wa kọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni Malinda ṣe jókòó lórí àpótí ní ọjọ́rọ̀ oṣù Keje. Ìmọ́lẹ̀ ń gba àlàfo pákó wọlé, eruku koríko ń léfòó nínú rẹ̀ bí ìyẹ̀fun wúrà. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àdúrà wọnú oorun. Kó tó ṣe Àmín, ejò ti yọ.

Ó yọ bí ohun tí omi ń gbé bọ̀. Ara rẹ̀ dà bí eérú, àbàwọ́n pupa tó ní ìgbátí dúdú tò lé e lẹ́yìn, àmì bí igi kànnàkànnà wà ní ìpàkọ́ rẹ̀. Arìn-má-lẹ́sẹ̀, aláṣọ ọnà tí ò dé ọ̀dọ̀ aláró rí! Ó gba orí bàtà Malinda kọjá, ó fúyẹ́ bí èémí ọmọ tó ń sùn. Malinda ò mọ̀ bóyá òun jí.

Ejò dé abẹ́ Bẹ́sì. “Ọwọ́ tẹ̀ ọ́,” ni Malinda wí sínú. Ṣùgbọ́n ejò kò tilẹ̀ wòkè. Bẹ́sì tó máa ń ta ìpá bí èékánná bá họ ọmú rẹ̀, kò mira. Ejò wọ abẹ́ àpótí àgbàdo, nǹkan ké fín-ín, ó sì tún yọ pẹ̀lú ọmọ èkúté lẹ́nu. Nígbà tó gbé e mì, ó yọ kókó lára rẹ̀ bí ìso okùn. Ikùn tó rí tín-ín-rín báyìí, ibo ni ìlàjì garawa yóò gbà wọ̀ ọ́?

Bẹ́sì mí hẹlẹ, ó na ahọ́n sínú ọpọ́n omi rẹ̀. Malinda wò ó. Ẹrẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀. Ewé ti dí ẹnu páìpù tó ń gbé omi ìsun wá sínú ọpọ́n. Òun Malinda ni wọ́n fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Olúwa, foríjì mí.

Menno já wọlé tòun ti ọkọ́. Ejò ká jọ sínú koríko gbígbẹ, ó ń gbọn ìrù wàràwàrà.

“Paramọ́lẹ̀ ni! Ẹ gbẹ́sẹ̀!”

“Paramọ́lẹ̀ wo? Ẹyinjú ẹ̀ ò rí roboto? Ti paramọ́lẹ̀ a máa là tóóró. Ẹ̀rù ló ń bà á tó fi ń gbọ̀n, bíi tìẹ lọ́jọ́ tí o lọ tọrọ Lídíà láti fẹ́.”

“Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n pa á!”

“Èmi ni. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn.” Ó dìde, ó dúró sáàárín Menno àti ejò. “Òùngbẹ ló jẹ́ kí wàrà Bẹ́sì dín kù, èmi ni n ò yẹ ọpọ́n wò. Menno, jọ̀ọ́, gbé ọkọ́ yẹn sílẹ̀, kí o bá mi pọn omi wá.”