Ìbéèrè Ọláfimíhàn

"Madam, ẹ wò ó. Tí mo bá fọwọ́ ara mi ṣí ètò yìí, ó ń ṣiṣẹ́," ni Henry wí, ó na ìka sí ojú kọ̀mpútà. "Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kó máa dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, á kọ̀ jálẹ̀."

Abigail ló ni ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà. Ó fọwọ́ lẹ́rán lẹ́yìn àga ọ̀gbẹ́ni atúnkọ̀mpútàṣe náà. Ní ìta, àwọn tó wá gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti kún orí bẹ́ǹṣì, Happiness tó ń gbàlejò ń bẹ̀ wọ́n. Àwọn mìíràn nínú wọn ti wá lánàá, wọ́n lọ lọ́wọ́ òfo.

Ètò kan wà lórí kọ̀mpútà náà tó máa ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Bí kọ̀mpútà bá ti tàn, òun náà á jí, á gba èsì lára ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, á fi ti oníkálùkù ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná lọ lánàá, wọ́n tún kọ̀mpútà tàn, ètò náà kò sì jí mọ́. Ọláfimíhàn ló tàn án. Ohun tó lé e kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Abigail ni Ọláfimíhàn. Jẹ́lé-ó-sinmi ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, Abigail sì gbà á tọ́ ní Ìkòtún níbí. Mọ́mì ló ń pè é, nítorí kò mọ ìyá mìíràn. Àmọ́ lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀ṣì, wòlíì ní kí Abigail máa gbàdúrà gidi, pé òun rí ọwọ́ ọ̀tá kan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Wòlíì ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Abigail fúnra rẹ̀ ló bá a wá ẹni tó ni ọwọ́.

"Àṣé ìwọ ni ọwọ́ tí Bàbá wòlíì rí!" Bó ṣe pariwo nìyẹn lánàá, níwájú gbogbo àwọn tó wá gba èsì. "Èmi tí mo tọ́ ẹ! Kó ẹrù ẹ, máa lọ bá bàbá ẹ ní Egan!"

Ọmọbìnrin náà bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a sórí àga, ó lọ.

"Ṣé ẹ rí i," ni Henry ń bọ́rọ̀ lọ, "ètò yìí ò kàn lè wọlé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe orúkọ òṣìṣẹ́ kankan ló ń lò, orúkọ yín àti páswọ́ọ̀dù yín ló fi ń wọlé. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ò ṣílẹ̀kùn mọ́ yìí. Àbí ẹ yí páswọ́ọ̀dù padà ni, ma?"

Abigail gbé ojú kúrò lára kọ̀mpútà. Ìbéèrè tí Ọláfimíhàn bi í lánàá gan-an nìyẹn, kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ yí páswọ́ọ̀dù yín padà?" Ó sì dá a lóhùn kíákíá pé, "Èmi kẹ̀? Rárá o."

Bẹ́ẹ̀ ó yí i padà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ló dá jókòó ti kọ̀mpútà, ó fi tuntun sí i, kí ọwọ́ tí wòlíì rí má baà rí nǹkan dì mú. Kò fẹ́ kí ẹ̀dá kankan gbọ́.

"Tó bá jẹ́ ọjọ́ Ajé ni wọ́n yí i ńkọ́?" ó bèèrè. "Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí iná fi lọ."

"Á máa ṣiṣẹ́ lọ ni, ma. Ó ti wà nínú ilé kí wọ́n tó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ta ló máa lé e jáde? Ìgbà tí iná lọ ló jáde. Ìgbà tó fẹ́ padà wọlé ni wàhálà dé."

Henry kò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dìde, ó sún àga fún un. Abigail tẹ páswọ́ọ̀dù tuntun náà síbi tó fi hàn án, wọ́n tún kọ̀mpútà tàn, ètò jí. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí bẹ́ǹṣì níta, Happiness kígbe pé, "Ògo ni f'Ọ́lọ́run!"

Abigail kò lè ṣe àmín. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ ò tilẹ̀ sùn ju òru kan lọ. Ó lè dákẹ́ ṣá, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣùgbọ́n ojú ara rẹ̀ tì í, ojú tì í gan-an ni. Ó mú báàgì, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Egan.

Ó bá Ọláfimíhàn níwájú ilé bàbá rẹ̀, ó ń fọ aṣọ. Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, ma." Kò pè é ní Mọ́mì. Abigail gbọ́ ọ.

"Ọláfimíhàn, èmi ni mo yí páswọ́ọ̀dù yẹn. O bi mí, mo parọ́ fún ẹ."

"Mo mọ̀, ma."

"O mọ̀ báwo?"

"Kọ̀mpútà máa ń fi ọjọ́ tí wọ́n yí i hàn. Mo ti rí i kí n tó bi yín."

"Kí ló wá dé tó ò sọ, nígbà tí mò ń pariwo lé ẹ lórí?"

Ọmọbìnrin náà fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èèyàn pọ̀ níbẹ̀, ma. Ṣé kí n wá pè yín ní onírọ́ níwájú wọn ni?"

Omi bọ́ lójú Abigail. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó ti tò sínú láti inú kẹ̀kẹ́ kò wúlò mọ́. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó pe ibi iṣẹ́.

"Happiness, ṣé àwọn tó wà níbẹ̀ lánàá ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì? Ó dáa. Gbé mi sí spíkà." Ó gbé ohùn sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín, èmi Abigail ni. Ọmọ tí mo lé lójú yín lánàá ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́, mo parọ́, mo sì dá a lẹ́bi. Ó wà níwájú mi níbí. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ó na fóònù sí Ọláfimíhàn. Ohùn bàbá àgbàlagbà kan jáde: "Ọmọ mi, má bínú, jàre. Ìyá ẹ ni." Obìnrin kan gbà á lẹ́nu rẹ̀, òmíràn náà sọ tirẹ̀, títí ohùn wọn fi dàpọ̀.

Ọláfimíhàn fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ bojú, ó bú sẹ́kún.