Ògiri Ẹ̀yìn Tí Kò Gbọdọ̀ Ní Ihò

"Ìyá Keje, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká wọlé."

Wanling pè é títí, obìnrin àgbà náà kò dáhùn. Orí pẹpẹ òkúta iwájú ilé Wanling ló jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀. Wanling rò pé oorun ló gbé e lọ. Ó na ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì yára fà á padà. Ara Ìyá Keje gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, kò sì sí òógùn kankan lójú rẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi gbé omi wá! Ìyá Keje ò mira mọ́!"

Ìyá ọkọ rẹ̀ sáré jáde pẹ̀lú abọ́ omi. Ìdajì omi náà ti dà sílẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Kí ló ṣe é? A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán ni. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti di ẹyẹ inú àgò látìgbà tí ẹ ti ra ẹ̀rọ amúlétutù fún mi."

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òun àti Ìyá Keje níyàwó wá sí abúlé Longtang, ní ẹ̀bá ìlú Kaiping, ni wọ́n ti jọ ń jókòó lórí pẹpẹ yẹn. Ọmọ keje ilé wọn ni ọkọ Ìyá Keje tó ti kú, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé wọn kì í jẹ́ kí oòrùn kan ilẹ̀, atẹ́gùn adágún iwájú abúlé sì máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún ọmọ Longtang kankan pé ibẹ̀ ni kó sá sí nígbà ooru; gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà bi Wanling pé, "Ṣé inú oòrùn lẹ fi màmá yìí sí ni?"

"Inú òjìji ni. Ibi tó tutù jù lábúlé wa ló jókòó sí."

Dókítà wò ó bí ẹni tó ń wo òpùrọ́. "Ooru ló gbé e ṣubú," ló wí, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ya Wanling lẹ́nu títí ó fi délé. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí ojú Ìyá Keje ti là, Rongguang, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó wá láti Guangzhou, ti ilé ìwòsàn dé. Ó fẹ́ kó aṣọ fún ìyá rẹ̀. Bó ṣe dé iwájú pẹpẹ náà, ó dúró, ó sì gbé ọwọ́ sókè.

"Kí ló ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná yìí, àǹtí?"

Wanling gbójú sókè. Àpótí ìta ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ wà lókè fèrèsé, ó ń tú ooru yàrá Màmá jáde tààrà sórí pẹpẹ òkúta. Ó wo ọ̀nà tóóró náà lọ, ó wò ó bọ̀. Àpótí níhìn-ín, àpótí lọ́hùn-ún, gbogbo wọn kọjú síra wọn, wọ́n ń tú iná síra wọn lójú. Ojoojúmọ́ ló ń gba abẹ́ wọn kọjá. Báwo ni kò ṣe rí i?

"Gbogbo yín lẹ ra á," Rongguang wí.

"Gbogbo wa ni, àfi màmá yín."

"Ó ní ìta tó òun." Kò pariwo. Ì bá kúkú pariwo, ara ì bá tu Wanling. "Ọ̀la ni wọ́n máa dá a sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ lé mi, ó kọ̀, ó ní pẹpẹ òun lòun ń lọ. Dókítà ní tí ooru bá tún gbé e ṣubú, kò ní dìde mọ́."

Nígbà tó lọ, Wanling jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òun yìí kan náà wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń wá bí ìta abúlé yóò ṣe máa tu àwọn àgbà lára. Wọ́n gbin igi yí adágún ká, wọ́n kọ́ àtíbàbà, òun ló tiẹ̀ sọ̀rọ̀ jù nípàdé. Ó wá délé, ó gbé ààrò kọ́ sórí obìnrin arúgbó.

Ẹ̀yìn ilé ló yẹ kí àpótí náà wà. Ẹni tó wá kọ́ ọ béèrè bóyá kí òun gbé e síbẹ̀, Màmá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìgbálẹ̀ lé e jáde. Ní Longtang, ògiri ẹ̀yìn ló ń gbá oríire ilé mọ́ra. Kì í ní fèrèsé, kì í ní ihò. Bí gbogbo ilé ṣe kọ́ tiwọn sí ojú ọ̀nà nìyẹn.

Ó pe Zhaoji ọkọ rẹ̀ ní Foshan, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

"Mo fẹ́ dá ògiri ẹ̀yìn lu, kí ọ̀pá ẹ̀rọ amúlétutù lè gba ibẹ̀ jáde."

"Wanling, ṣé orí ẹ pé báyìí? Èsì ìdánwò tí Peiyi ọmọ wa ṣe láti wọ yunifásítì ń jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àsìkò yìí gan-an lo fẹ́ kí oríire ilé wa máa jò lọ?"

"Mi ò gba nǹkan yẹn gbọ́."

"Irọ́ ni. Tí o ò bá gbà á gbọ́, kí ló dé tí ohùn ẹ ń gbọ̀n?"

Wanling gbé fóònù lọ sí etí kejì.

"Pa ẹ̀rọ náà nígbà náà."

"Kí ooru tún gbé Màmá ṣubú bíi tọdún tó kọjá, tí a rò pé ó ti kú?"

"Dúró dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọ̀la ni Ìyá Keje ń bọ̀, Zhaoji."

Bó ṣe yíjú padà, Màmá ló rí, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jáde, ó lọ jókòó sórí pẹpẹ òkúta, lábẹ́ àpótí náà gan-an.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀."

"Fi mí sílẹ̀." Òógùn bò ó lójú, kò nù ún. "Ooru mi ni Ìyá Keje ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá. Ó lè lọ sí etí adágún. Nítorí kó lè máa bá mi sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé ló ṣe ń jókòó síbí. Ó ń bá mi rẹ́rìn-ín, kò sì sọ fún mi."

Ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí wọ́n gbá létí. Wanling ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí, àní nígbà tí wọ́n sin bàbá ọkọ rẹ̀ pàápàá.

"Pe bíríkìlà," ni Màmá wí.

Bíríkìlà dé, ó gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Orúkọ ìdílé yín, Situ, lèmi náà ń jẹ́. Ọwọ́ mi kọ́ ni ẹ máa fi dá ògiri ẹbí wa lu."

"Fi òòlù sílẹ̀, kó o máa lọ," Màmá dá a lóhùn.

Àwọn obìnrin méjèèjì wọ́ ibùsùn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Màmá tan tùràrí níwájú àwòrán àwọn baba ńlá, ó bá wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì padà wá dúró lẹ́yìn Wanling.

"Tí ọmọ náà bá fìdí rẹmi, èmi ni kó wá bá jà. Kó má bá ọ jà."

Wanling lu ògiri náà. Eruku bíríkì dà sí i lójú. Ó tún lù ú, ó tún lù ú, títí ìmọ́lẹ̀ fi wọ yàrá náà láti ẹ̀yìn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti gbà wọlé rí láyé. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó rántí Peiyi àti gbogbo òru tó fi kàwé, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ihò náà kò tíì fẹ̀ tó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì tún gbé òòlù sókè.