Ọjọ́ Méjìlá ní Bali

Ọjọ́ méjìlá péré ni Felix lò ní Bali, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó dé, èèyàn á rò pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó ń wé aṣọ funfun mọ́rí lọ síbi iṣẹ́. Láràárọ̀ ló ń gbé òdòdó àti ìrẹsì sínú ewé síwájú ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ní ìlú Glenarden bí ẹbọ, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ á sì ti jẹ ẹ́ tán kó tó wọ mọ́tò.

Adùnọlá, àbúrò rẹ̀ obìnrin, kò rí ọ̀rọ̀ náà gbé mì. Felix yìí kan náà ló fi dandan lé e, nígbà tí ìyá wọn wà láyé, pé kí ìyá sun ère ìbejì tó jogún lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀, nítorí pé ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n. Ìyá sun ún, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Felix yìí ló wá lọ kúnlẹ̀ níwájú àlùfáà ẹlẹ́sìn Híńdù, tí wọ́n wọ́n omi sí i lórí, tó sì ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò.

Nígbà tí Felix pe ẹbí àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá wo fọ́tò lọ́sàn-án Sátidé kan, Adùnọlá mọ ẹni tí òun máa mú dání. Ketut ni. Ọmọ Bali gan-an ni, ìlú Laurel nítòsí ló ń gbé, àwọn méjèèjì sì jọ ń ṣiṣẹ́ ní kíṣìnnì ilé ìwòsàn kan. Adùnọlá kàn sọ fún un pé kó wá wo ìlú rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí ọmọ onílùú wá dójú ti Felix tó jẹ́ àlejò níbẹ̀.

Felix tan fọ́tò sórí tẹlifíṣọ̀n. Òkè tó ń rú èéfín, tẹ́ḿpìlì lórí àpáta láàárín òkun, oko ìrẹsì tó ṣe ìpele ìpele bí àtẹ̀gùn. Ó rẹwà, Adùnọlá ò lè sẹ́. Àmọ́ Felix wà nínú gbogbo rẹ̀, ó dijú, ó na ọwọ́ sókè. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ kì í ro nǹkan ayé. Ó tún ṣàròyé pé lọ́jọ́ Nyepi, tí gbogbo erékùṣù máa ń dákẹ́, tí wọn kì í tanná, òtẹ́ẹ̀lì kò jẹ́ kí òun lọ sétí òkun.

“Ọmọ ibẹ̀ ló jókòó yìí,” ni Adùnọlá wí. “Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ẹ̀.”

Ketut kò fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ṣàlàyé pé tẹ́ḿpìlì ni àwọn àgbẹ̀ ti ń pàdé láti pín omi tó ń ti orí òkè wá, kí oko ẹnì kankan má gbẹ. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún Felix pé ibi tó jókòó sí nínú fọ́tò kan, ojúbọ ni, èèyàn kì í jókòó síbẹ̀. Adùnọlá rẹ́rìn-ín sókè.

Fọ́tò tó kàn ni ti adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Igi ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi aṣọ dúdú àti funfun di ìdí rẹ̀. Ketut dìde, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

“Ibi tí ẹ ti ń wẹ̀ yìí, oko ìrẹsì bàbá mi ni,” ló sọ. “Ìdí igi yẹn ni mo ti máa ń gbé oúnjẹ fún Dewi Sri, òrìṣà ìrẹsì. Wọ́n ta oko náà lẹ́yìn tí mo wá síbí.”

Felix wúkọ́, ó ní àbájọ tí òun fi mọ̀ pé agbára kan wà nínú omi náà. Wùnmí ìyàwó rẹ̀ gba rìmóòtù lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

Bí wọ́n ṣe ń padà lọ sí Laurel, Adùnọlá ń wá ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi tọrọ àforíjì. Ketut ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ìyá òun kò ní fọ́tò igi yẹn, ṣé Adùnọlá lè bá òun gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

Adùnọlá tó fi Felix rẹ́rìn-ín níṣojú ará ṣọ́ọ̀ṣì ló wá pè é, tó ń wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá mi.” Felix mú kó wí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá fi fọ́tò ránṣẹ́, ó ti kọ orúkọ ara rẹ̀ gbàgàdà lé igi náà lórí. Adùnọlá ò bá a jà. Ó pe Wùnmí, ìyẹn sì fi èyí tí kò ní orúkọ ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Adùnọlá gbé fọ́tò náà fún Ketut ní kíṣìnnì. Ketut fi àtàǹpàkò bo omi búlúù náà, ó wá ń wo igi.