Oúnjẹ Tí Wọ́n Bù fún Rawle

Àbẹ́là méjì ló ń jó níwájú fọ́tò ọkọ Verlyn, wọ́n sì gbé àwo oúnjẹ méjì síbẹ̀ bí ẹni pé ebi ń pa fọ́tò náà.

Verlyn dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí òun yóò ti ṣanwọ́ ló bèèrè, ilẹ̀kùn tí kò yẹ kó ṣí ló ṣí. Rawle nìyí. Èjí iwájú rẹ̀ nìyí, àpá orí ìpéǹpéjú òsì nìyí. Ọ̀dọ́ ṣì ni nínú fọ́tò ọ̀hún; ó gbá ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn mú léjìká, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí ẹran jẹ tí wọn ò rí mú.

Rawle tó fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ yìí, tó ní orí ń fọ́ òun!

Nassau ni wọ́n ń gbé. Iṣẹ́ ti lọ́ wọn lọ́rùn pẹ́, Verlyn sì ló yan ìsinmi yìí, láti erékùṣù dé erékùṣù: kí wọ́n jẹun, kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́, kí wọ́n sùn. Ní Bequia, wọ́n jẹ ẹja sísun títí ọ̀rá fi ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ wọn. Ní Mayreau, Rawle sùn lọ sábẹ́ igi àgbọn, alákàn gba orí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, kò mira. Omi àwọn etíkun wọ̀nyẹn mọ́ débi pé ènìyàn a máa rí òjìji ara rẹ̀ lórí iyanrìn nísàlẹ̀. Carriacou kò sí nínú ètò wọn rárá. Ìjì ló gbé wọn yà síbẹ̀; Benjo atukọ̀ ní òun ò ní bá òkun wọ̀jà nítorí ẹni tó wá gbafẹ́. Bí òkè erékùṣù náà ti yọ lókèèrè ni Rawle ti wọ inú yàrá ọkọ̀, kò sì jáde mọ́.

Verlyn nìkan ló gun òkè lọ, bàtà lọ́wọ́, òórùn ẹran ewúrẹ́ ló ń fà á. Wọ́n ń ṣe sàráà fún àwọn òkú wọn nílé kan, àwọn obìnrin ń ro ìyẹ̀fun àgbàdo nínú ìkòkò ńlá.

"Arẹwà tó ń yọjú bí alángbá," ọ̀kan nínú wọn pariwo, "ṣé fún ìran wíwò la ṣe dáná ni? Wọlé wá jẹun, jàre!"

Bó ṣe dé inú ilé náà nìyẹn. Ní báyìí, ẹsẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá onílé ni, Màmá Ottalie, obìnrin kékeré tó gbẹ bí okùn ọkọ̀ tó ti pẹ́ nínú iyọ̀.

"Ibí kọ́, ọmọ mi. Yàrá àwọn ọmọ mi nìyí."

"Màmá, ta... ta nìyí?"

"Rawle àkọ́bí mi ni. Selwyn àbúrò rẹ̀ ló dì mọ́ ọn yẹn. Ọkọ̀ wọn rì nígbà tí wọ́n ń kó ẹran lọ sí Trinidad." Ìyá náà ta ọtí ìrèké díẹ̀ sílẹ̀. "Òkun dá Selwyn padà, mo sin ín. Kò dá Rawle padà, mo sì ń retí. Lọ́dọọdún ni mo ń bu oúnjẹ Selwyn nìkan. Àwọn ará ilé ní, 'Ottalie, ò ń febi pa òkú kejì.' Mo ti gbà wàyí. Èyí tí mo bù fún un lónìí, àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín lójijì. "Oníwọra ni! Bí mo bá bu oúnjẹ, á wọn àwo tiẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀ wò kó tó jókòó."

Rawle ṣì ń wọ̀n ọ́n. Àwo Verlyn ló ń fi wọ̀n ọ́n ní Nassau.

Àbí àkúdàáyà ni òun fẹ́? Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ra, Rawle ní òun ò níyàá mọ́, Verlyn sì bá a sunkún. Ẹyin lohùn, bí èyí bá bọ́ nílé yìí, ta ni yóò ṣà á?

"Ìwọ nìkan lo wá?"

"Ọkọ mi wà nínú ọkọ̀, Màmá. Orí ń fọ́ ọ."

"Orí fífọ́ kì í kọ oúnjẹ!" Màmá Ottalie ti ń bu oúnjẹ sínú àwo mìíràn, ó fi aṣọ bò ó. "Kó jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Ebi kì í pa ẹnikẹ́ni kọjá ilé mi."

Nínú ọkọ̀, Rawle gba àwo náà, ó bu òkèlè kan. Ó dẹ́kun jíjẹ. Ó yọ èèpo ọsàn gbígbẹ kan lẹ́nu, èyí tí wọ́n fi se ẹran náà, ó ń wò ó.

"Ìyá mi ló máa ń fi èèpo ọsàn se ẹran. O ti rí i," ló wí.

"Ó tan àbẹ́là fún ọ, Rawle. Lónìí ló gbà pé o kú!"

"Èmi ni mo ń tọ́ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tó rì. Ọkọ̀ àwọn àjèjì ló fà mí yọ. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti rí òkú Selwyn... báwo ni mo ṣe fẹ́ wọlé tọ ìyá mi lémi nìkan?" Ó gbé ojú sókè. "Má sọ fún un. Ó ti sunkún mi tán."

Ó sì padà sídìí oúnjẹ. Èyí ló ba Verlyn lẹ́rù jù. Omi ń dà lójú Rawle, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò nínú oúnjẹ, títí ó fi fi ìka nu àwo náà mọ́.

Benjo ké láti òkè: "Ìjì ti rọlẹ̀ o! Ṣé ká máa lọ? Iyanrìn erékùṣù Union funfun bí iyọ̀!"

"Ká máa lọ," Rawle dáhùn.

Ohùn náà fúyẹ́. Verlyn kò mọ̀ rí pé fífi ènìyàn sílẹ̀ fúyẹ́ tó báyẹn lẹ́nu ọkọ òun.

Ó mú àwo náà, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré.

"Màdáámú, kí lẹ gbàgbé?" Benjo bèèrè.

"Mo fẹ́ dá àwo onílé padà."

Ó kọjú sí èbúté, kò bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Kò tíì mọ ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ sọ. Ó kàn mọ̀ pé ẹnì kan nínú ìdílé àwọn ní láti padà wálé lónìí.