Kànga Ṣàfíù

Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ omi ti rán mi sí Ìgándò lọ́dún 1992 pé kí n máa bójú tó fífa epo kúrò nínú omi abẹ́ ilẹ̀, ìdí mi kì í gbé ibì kan. Láti kànga dé kànga ni mò ń fimú fínlẹ̀ kiri. Ẹni tí ò mọ̀ mí á rò pé ewúrẹ́ mi ló sọnù. Táǹkì ilé epo kan ló jò lábẹ́ ilẹ̀. Epo náà ti wọ kànga àwọn ará àdúgbò, ó sì ń yọ́ lọ síbi kànga ìjọba tí gbogbo ìlú ń mu. Bí a ò bá tètè dá a dúró lọ́nà, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́. Ibi tó sì yẹ ká gbé ẹ̀rọ wa sí gan-an, kànga Alhaja Sàúdátù ni.

Alhaja kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí Ṣàfíù ọmọ rẹ̀ kú, ó gbẹ́ kànga náà ní sàráà fún un: bí ẹnikẹ́ni bá ti mu níbẹ̀, láádá rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà ní sàréè. Kì í gba kọ́bọ̀. Bí o bá ń kọjá lọ pẹ̀lú korobá òfìfo, á pè ọ́ wọlé. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, álọ́ọ̀mù tí í mú omi tòrò ló ń dà sí i.

"Tóyìn ọmọ Èkìtì," ló máa ń wí fún mi, "bó o bá ti kànga yẹn pa, kí ló máa dé ọ̀dọ̀ Ṣàfíù mọ́?"

Kò sí èsì ìyẹn nínú ìwé tí mo kà ní yunifásítì. Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Mo lè mú ọlọ́pàá wá ṣá, ṣùgbọ́n ta ló ń kó ọlọ́pàá lọ bá ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀?

Láàárọ̀ Sátidé kan, ara mi ò balẹ̀, mo yà síbẹ̀. Mo bá Mọ́ṣúdù, tó máa ń fọ kànga kiri Ìkòtún, ó ti so okùn mọ́dìí. Alhaja ló pè é pé kó wá fọ ìdọ̀tí tó ń rùn kúrò. Afọkànga kì í ṣàdédé wọnú kànga. Á kọ́kọ́ sọ àtùpà títàn kalẹ̀. Bí iná bá kú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò dára nìyẹn. Ọgbọ́n gidi ni, àmọ́ epo ló wà nísàlẹ̀ eléyìí! Mọ́ṣúdù ti ṣáná, ó fẹ́ fi tan àtùpà.

Mo kígbe. Mo gbá ìṣáná náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa.

"Ah-ah, madam! Àbí ẹ fẹ́ bá mi jà ni?" Mọ́ṣúdù ní.

"Epo ló wà níbẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ dáná sun gbogbo wa ni?"

"Irọ́ ni jàre," Alhaja ní. "Ìdọ̀tí lásán ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká sọ adìẹ kalẹ̀ dípò àtùpà. Adìẹ ò ní parọ́ fún yín."

Alhaja lọ mú òròmọdìẹ kan, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sínú korobá. Mọ́ṣúdù rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó fà á sókè. Ọrùn adìẹ ti rọ.

Alhaja jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Omi yìí ni mò ń pe àwọn ọmọ ọlọ́mọ wá mu," ó ní. "Kí ni mo ti ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi látọjọ́ yìí?"

Omi bọ́ lójú mi. Mo jókòó tì í.

Lọ́jọ́ náà la gbé ẹ̀rọ sínú kànga. Ó ń fa epo àti omi jáde sínú dúrọ́ọ̀mù tọ̀sán-tòru. Omi ìjọba ṣì mọ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò. Alhaja gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́bàá kànga. Àwọn tí ibẹ̀ ti mọ́ lára ṣì ń gbé korobá bọ̀, òun náà á sì yọ ọ̀pá sí wọn.

"Ẹ padà!" ló ń pariwo. "Ṣàfíù ló ní kẹ́ ẹ má mu ún."